Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Sùẹ̀gbẹ̀ Tó Ń Ra Ọjà Lórí Fóònù

Bí o bá jẹ́ ọlọ́gbọ́n, pa ìwé yìí dé kí o gba ọjà Tejúoṣó ní Èkó lọ. Níbẹ̀, wàá fọwọ́ pa aṣọ, wàá nà án sókè sí oòrùn, wàá ná an títí ìyá ọlọ́jà á fi bi ọ́ bóyá ńṣe ni òun jí i, ẹ ó jọ rẹ́rìn-ín, wàá sì gbé e lọ sílé. Ìwé yìí wà fún ẹni tó na ara sórí ibùsùn ní Lawanson lóru, tí wọ́n ti mú iná lọ, tí bátìrì fóònù rẹ̀ ti ń pọ̀kàkà ikú, tó wá rí gáùn aláwọ̀ ewé kan lára ọmọge kan lórí Instagram, tó sì sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Èyí á bá mi mu gan-an ni." Ìwọ ni mò ń bá wí. Sún mọ́ ibí.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni pé kí o fẹ́ràn àṣírí. Lábẹ́ fọ́tò gáùn náà, wọn ò kọ iye tí wọ́n ń tà á. "DM for price" ni wọ́n kọ. Ọlọ́gbọ́n á bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló dé tí iye owó aṣọ fi di ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ bí oyún oṣù kan. Ìwọ má bèèrè. Kí fẹ́ńdọ̀, kí o sì bi í ní iye tó ń tà á. Kó tó dá ọ lóhùn, á kọ́kọ́ wọ ojú ìwé tìrẹ lọ wò ó. Tó bá rí i pé o dúró ti ọkọ̀ Venza nínú fọ́tò (ọkọ̀ bùrọ̀dá tó wá kí yín ní Kérésì), gáùn ti gbówó lérí nìyẹn. Ojú rẹ ni wọ́n fi díwọ̀n àpò rẹ.

Ohun tí n kò fẹ́ kí o mọ̀ ni pé òfin ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin àpapọ̀ lórí ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà, tí wọ́n ń pè ní FCCPA 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, sọ ní abala 115 pé ẹni tó bá pàtẹ ọjà gbọ́dọ̀ pàtẹ iye rẹ̀ pẹ̀lú, kò sì gbọdọ̀ gbà ju iye tó pàtẹ lọ. Òfin náà kò sọ pé àfi tí àtẹ bá jẹ́ pákó. Ṣùgbọ́n tí gbogbo oníbàárà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka abala 115, ta ni yóò ṣẹ́kù fún wa láti kọ́?

Ẹ̀kọ́ kejì ló ṣe pàtàkì jù, nítorí náà n óò pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀: má ṣe mọ ẹni tí ò ń bá ra nǹkan. Orúkọ tó ń jẹ́ lórí Instagram ti tó ọ. Má bèèrè èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Má bèèrè ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà. Tó bá ti ní òun wà ní Mainland, àdírẹ́sì pé nìyẹn. Láti Ebute Mẹ́tta dé ìpẹ̀kun Múṣin, ibẹ̀ náà ni. Má lọ sí ojú ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wá orúkọ òwò wò lọ́fẹ̀ẹ́. Dátà yẹn, fi wo àwọn aláwàdà.

Nígbà tí o bá fẹ́ fowó ránṣẹ́, áàpù báńkì á fi orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì hàn ọ́ kí o tó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn. Ṣọ́ọ̀bù ń jẹ́ orúkọ obìnrin; àkáǹtì ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún ọ nípa rẹ̀ rí. Ọlọ́gbọ́n á dúró níbẹ̀. Ìwọ sọ pé, "Bóyá ọkọ rẹ̀ ni," kí o gbàdúrà fún ìdílé wọn, kí o sì tẹ̀ ẹ́. Láti ọdún 2011 tí NIP, ètò ìfowóránṣẹ́ ojú ẹsẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn báńkì wa ni owó ti ń dé ọwọ́ ẹlòmíràn kí ẹni tó fi ránṣẹ́ tó mí kanlẹ̀. Èyí tó ń padà bọ̀ ni kì í yára.

Má sì bèèrè rísíìtì. Abala 118 òfin kan náà ní kí ẹni tó bá tajà fún ọ fún ọ ní àkọsílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, àti àdírẹ́sì ibi tó ti tà á, ọjọ́ tí ẹ ṣòwò, ohun tó tà àti iye rẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fẹ́ fi ìwé ba ìfẹ́ jẹ́! Tí o bá bèèrè, fẹ́ńdọ̀ á ní, "Hàà, ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?" Ìtìjú á mú ọ. Jẹ́ kó mú ọ. Kí o wá tan èyí tó máa ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ fúnra rẹ̀ lórí WhatsApp, kí gbogbo ohun tó ṣèlérí lè fò lọ lẹ́yìn wákàtí 24. Nítorí Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 84, gba ọ̀rọ̀ tó ti inú ẹ̀rọ jáde láàyè ní kóòtù, tí o bá fi ìwé-ẹ̀rí tó béèrè tì í lẹ́yìn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé kí wọ́n tó san kọ́bọ̀, wọ́n ti ya screenshot fọ́tò aṣọ, ti iye owó, àti ti ọjọ́ tí wọ́n ní ó máa dé. Irú wọn kì í lọ́rẹ̀ẹ́.

O lè sọ pé kí ni gbogbo wàhálà yìí fún, ṣebí kò sófin ní Nàìjíríà. Irọ́ ni. Òfin wà, eyín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Abala 155 FCCPA ní ẹni tó bá tẹ ẹ̀tọ́ oníbàárà lójú lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún márùn-ún, ó lè san ìtanràn tó tó mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà, ó sì lè fojú winá méjèèjì. Ṣùgbọ́n òfin kì í bu ẹni tí kò mọlé rẹ̀ jẹ. Gbogbo ẹ̀kọ́ kejì yìí, torí ìyẹn ni. Ohun tí òfin fún ọ lọ́wọ́ ọ̀tún, kí o ti fọwọ́ òsì gbé e sọnù kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ owó, ìtàn kan wà. Nígbà tí Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní 2012, ó hàn pé ará Èkó kò ní sanwó ohun tí kò fojú rí. Wọ́n bá ní kí ọjà kọ́kọ́ dé kí owó tó jáde, bí ọ̀pọ̀ wa sì ṣe kọ́ láti ra nǹkan lórí ayélujára nìyẹn. Ètò náà ní ìnira tirẹ̀. Ẹni tó ní kí wọ́n gbé ọjà wá á pa fóònù, ẹni tó gbé e wá á máa yí Àgùdà ká lásán. Òmíràn á ní ọkọ òun kò tíì fún òun lówó. Ó sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, wọ́n pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Port Harcourt nígbà tó gbé fóònù lọ fún àwọn tó ní àwọn fẹ́ rà á. N kò fi ìyẹn ṣàwàdà. Òǹtajà tó bá ní kí o sanwó kí òun tó gbé ọjà jáde ní ìdí tó lè sọ, kì í ṣe gbogbo wọn ni gbájú-ẹ̀.

Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni kí sùẹ̀gbẹ̀ sá fún. Ẹ lè pàdé lójúmọmọ níbi tí èrò wà, ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà ńlá ní Adéníran Ògúnsànyà fún àpẹẹrẹ, kì í ṣe abẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gba níbi tí wọ́n á ti máa tì yín síwá sẹ́yìn. O lè yẹ ọjà wò níbẹ̀, kí o fowó ránṣẹ́ níbẹ̀. O lè san díẹ̀, kí o san ìyókù tó bá dé. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí ń gba àkókò, fẹ́ńdọ̀ sì ti kìlọ̀ fún ọ: "Ma, ó ku ẹyọ kan péré, èèyàn méje ló ń bèèrè rẹ̀." Èèyàn méje yẹn, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti ń bèèrè. Kò tíì sí èyí tó rà á nínú wọn. Sáré sanwó.

Jẹ́ ká gba Múṣin kọjá díẹ̀. Ká ní rẹ́díétọ̀ ọkọ̀ rẹ ń jò, mẹkáníìkì rẹ ní Ìdí-Àràbà sì ní òun mọ ẹnì kan ní ọjà Ládípọ̀ tó máa fi fọ́tò ránṣẹ́, tí o bá sanwó á gbé e wá. Ọlọ́gbọ́n á kọ ọ́ ránṣẹ́ ní kíkún: Corolla ni, ti ọdún 2008 ni, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe tóbi tó rèé. Nítorí abala 122 ní tí o bá ti sọ ohun pàtó tí o fẹ́ lo ọjà fún, tí o sì wá rí i láàárín ìgbà tó bójú mu pé kò wúlò fún un, o lè dá a padà, kí wọ́n sì dá gbogbo owó rẹ padà fún ọ. Ìwọ sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ ṣáà fi rẹ́díétọ̀ ránṣẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n." Tó bá dé tí kò wọlé síbi tó yẹ kó wọ̀, mẹkáníìkì á fi òòlù bá a sọ̀rọ̀. Má sì bèèrè bóyá tuntun ni tàbí tòkunbọ̀. Òfin ní kí wọ́n sọ fún ọ gbangba tó bá jẹ́ àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe, abala 117 nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó wà níwájú rẹ yìí ń dán, òórùn ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi kùn ún ṣì ń jáde lára rẹ̀, ó sì ń yí mọ́ ọ lọ́wọ́. Kí ni nǹkan tuntun tún lè jẹ́?

Ó yá, ká padà sídìí gáùn. Ọjọ́ tí ẹrù bá dé ni ọjọ́ ìdánwò. Ọmọ dísípáàṣì á pè ọ́ láti ìta: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jáde, Ìtìrẹ́ ni mo tún ń lọ báyìí, ibi mẹ́rin ló kù tí mo fẹ́ dé." Ọmọlúwàbí ni ìwọ, o ò fẹ́ dá ọmọ ọlọ́mọ dúró lóòrùn. Gba ọ̀rá náà, fọwọ́ síwèé, kí i pẹ̀lẹ́, fún un lówó omi. Má ṣí i lójú rẹ̀. Má sì ya fídíò bí o ṣe ń ṣí i. Jẹ́ kí ìró alùpùpù rẹ̀ kọjá títì kí o tó fa ọ̀rá ya.

Àwọ̀ ewé ti di àwọ̀ kan tí Yorùbá kò tíì sọ lórúkọ. Apá ọ̀tún gùn ju ti òsì lọ. Nínú fọ́tò, gáùn náà kọjá orúnkún. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, bóyá ló fi máa dé ìdodo.

Abala 121 sọ pé bó bá jẹ́ pé àpèjúwe tàbí àwòṣe nìkan ni oníbàárà wò tó fi ra ọjà, ohun tí wọ́n gbé wá gbọ́dọ̀ bá a mu ní gbogbo ọ̀nà tó ṣe kókó, bí oníbàárà lásán tó lajú sílẹ̀ ṣe máa retí rẹ̀. Abala 122 wá fi kún un pé ọjà tí o kò ráyè yẹ̀ wò kó tó dé, o lè tìtorí àìbámu yẹn kọ̀ ọ́ láàárín ìgbà tó bójú mu, kí owó rẹ padà pérépéré. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe tuntun. Sale of Goods Act ti ọdún 1893, tí àwọn Òyìnbó gbé wá bá wa, ti ní ọjà tí a fi àpèjúwe tà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe mu, kí bàbá bàbá fẹ́ńdọ̀ rẹ tó dáyé.

Kíyè sí "ìgbà tó bójú mu" yẹn. Òfin wa kò ka ọjọ́ fún ọ. Àbúrò rẹ tó wà ní Peckham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìṣòro yìí. Àwọn ará Yúróòpù ti ṣe ìlànà tiwọn lórí àdéhùn tí òǹrajà àti òǹtajà kò fojú kanra láti ọdún 1997, nígbà tí àwa ṣì ń tò síwájú fóònù NITEL, tó ku ọdún mẹ́rin kí GSM tó dé. Ọjọ́ iṣẹ́ méje ni wọ́n fún òǹrajà nígbà náà láti yí ọkàn padà. Nígbà tó yá, ó di ọjọ́ 14, ìlànà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 2013 sì dúró lórí 14 náà. Àbúrò rẹ kò ní láti sọ ìdí kankan. Ó lè ní aṣọ náà bá fọ́tò mu, ó bá ara òun mu, òun kàn kórìíra rẹ̀ ni. Àfi èyí tí wọ́n bá dìídì rán fún un ni kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ dá padà. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Níbí, gáùn tó bá fọ́tò mu tí o kàn ò fẹ́ mọ́, tìrẹ ni, gbé e kọ́. Abala 120 ṣáà gbà ọ́ láyè láti fagi lé ohun tí o ti ní kí wọ́n bá ọ mú sílẹ̀, kí òǹtajà yọ owó díẹ̀ tó mọ́gbọ́n dání níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kí ẹrù tó gbéra nìyẹn.

Nítorí pé òfin kò ka ọjọ́, ìwọ náà má kà á. Má pe fẹ́ńdọ̀ lónìí. Kọ́kọ́ fún télọ̀ ní gáùn náà kó tú ìdí rẹ̀ gùn díẹ̀. Wọ̀ ọ́ lọ síbi ìkómọ kan ní Ìdí-Òro, kí o jó, kí ọbẹ̀ ata ta sí i láyà. Fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ pé, "Èyí kọ́ ni mo rà." Fẹ́ńdọ̀ á rẹ́rìn-ín títí èrìgì rẹ̀ á fi hàn, o ò sì ní rí adájọ́ tó máa bá a wí.

Ká tilẹ̀ ní o ṣèèṣì yára, o pè é lọ́jọ́ náà gan-an. Fọkàn balẹ̀, ọ̀nà láti kùnà ṣì wà. Fẹ́ńdọ̀ á tọ́ka sí ohun tó kọ sójú ìwé rẹ̀: "No refund after payment." Gbogbo ìlú ló kọ ọ́. Ó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù fóònù ní Yábàá, ó wà nísàlẹ̀ ìwé télọ̀, ó wà níbi tí wọ́n ti ń ta kéèkì ọjọ́ìbí. Sùẹ̀gbẹ̀ á kà á, á mí kanlẹ̀, á ní, "Ó ṣáà ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀." Ní ilẹ̀ yìí, ẹni tó bá ti kọ nǹkan mọ́ ògiri ti jàre. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé abala 129 ní òǹtajà kò lè fi àdéhùn gba ẹ̀tọ́ tí òfin yìí fún oníbàárà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Pé ohun tí fẹ́ńdọ̀ fi àtàǹpàkò tẹ̀ kò lè borí ohun tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Abuja jókòó ṣe. Má bá a jiyàn. Bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ ṣàánú mi." Àánú rẹ á ṣe é, á sì ní òun á dín owó kù fún ọ lórí èyí tí o bá tún rà. Tún rà.

Tí inú bá wá bí ọ tán, pariwo. Gbé fọ́tò rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀ sí Facebook, pè é ní olè, kí ẹjọ́ tí ìwọ ì bá pè é di ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ tí òun á pè ọ́. Tàbí kí o wá ọlọ́pàá kan tí ìbátan rẹ mọ̀, kó bá ọ mú un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ní wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Ohun kan ṣoṣo tí o kò gbọdọ̀ ṣe ni kí o jókòó kọ̀wé. Abala 146 FCCPA ní o lè kọ́kọ́ fẹjọ́ sun òǹtajà fúnra rẹ̀, o lè lọ bá FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, o sì lè gba kóòtù lọ. Àjọ yìí ló rọ́pò Consumer Protection Council tí ìjọba ológun fi dèkírì dá sílẹ̀ ní 1992, má sì fojú kéré rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2024, ó bu ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, ẹni tó ni Instagram àti WhatsApp tí ẹ ti ná gáùn yìí, lórí ọ̀nà tó ń gbà lo ìsọfúnni àwọn ọmọ Nàìjíríà. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2025, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìtanràn náà dúró. Meta ní àdírẹ́sì. Fẹ́ńdọ̀ tìrẹ ńkọ́?

Ìjọba Èkó náà ní LASCOPA, àjọ ààbò oníbàárà tirẹ̀, tó ń pe òǹtajà àti òǹrajà jókòó. Bí ìyẹn kò bá rẹ̀ ọ́, kóòtù ẹ̀sùn kékeré wà, tí Èkó ṣí ní oṣù kẹrin ọdún 2018 lọ́dọ̀ àwọn májísíréètì, fún gbèsè tí iye rẹ̀ dájú tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Kò pọn dandan kí o gba lọ́yà. Ọjọ́ 60 ni wọ́n fi lélẹ̀ pé kí ìdájọ́ ti jáde. Àmọ́ kí o tó débẹ̀, wọ́n fẹ́ kí o ti kọ́kọ́ fi lẹ́tà béèrè owó rẹ lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ọ́. Lẹ́tà yẹn léwu fún ẹgbẹ́ wa gan-an. Ẹni tó bá rí i gbà lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kó wo iye tí ọkọ̀ máa ná an lọ sí kóòtù, kó sì dá owó padà lálẹ́ ọjọ́ náà, kí gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ìwọ ti tẹ̀lé ẹ̀kọ́ kejì. Wọ́n á gbé fọ́ọ̀mù fún ọ. Níbi orúkọ ẹni tí o pè lẹ́jọ́, wàá kọ orúkọ ojú ìwé rẹ̀, pẹ̀lú àmì @ níwájú. Níbi àdírẹ́sì, wàá kọ Mainland. Akọ̀wé kóòtù á gbójú sókè: "Màdáámù, níbo gan-an ni kí béílíìfù gbé e lọ?" Wàá yọ fóònù jáde láti fi hàn án. Ojú ìwé náà ti pa orúkọ dà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wíìgì ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí, ó sì ku ẹyọ kan péré.